Edé Sísun: Oúnjẹ Alẹ́ Tí Kì Í Gba Àkókò

Aago méje alẹ́ ti lù ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Aránṣọ ti da aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀. Olùkọ́ ti kó ìwé rẹ̀ sínú àpò. Ìyá tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando ti di ẹrù rẹ̀, ó sì ti gun zẹ́mìjàn lọ sílé. Bí ó ti ń wọlé ni àwọn ọmọ yí i ká: «Ìyá, ẹ káàbọ̀. Kí ni a óò jẹ lálẹ́ yìí?»

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Ó ti rẹ ìyá. Ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ tètè sùn nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀la. Ọbẹ̀ tí a ń sè fún wákàtí méjì kò bá irú àkókò báyìí mu. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ń ra oúnjẹ tí wọ́n dín ní ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà mìíràn, òróró tí wọ́n fi dín in ti dúdú, nítorí pé láti àárọ̀ ni ó ti wà lórí iná. Owó á lọ, ọmọ kò sì ní rí oúnjẹ gidi jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ kan wà nítòsí ilé tí kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ lórí iná. Edé ni. Ó dùn, ó sì ń ṣe ara lóore: nínú 100 gíráàmù ẹran edé, nǹkan bí 20 gíráàmù ni èròjà tí ń mú ara ọmọ dàgbà. Bí a bá mọ̀ ọ́n rà, tí a mọ̀ ọ́n tọ́jú, tí a sì mọ̀ ọ́n sun, kí ìṣẹ́jú 40 tó pé, gbogbo ilé ti jókòó ti àwo.

Ṣùgbọ́n edé kì í ṣe oúnjẹ tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ó tètè ń jinná, ó sì tètè ń bàjẹ́. Ẹni tí ó mọ ti àkọ́kọ́ tí kò mọ ti ìkejì lè fi oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo fa àìsàn sí ilé.

Ibi tí edé ti ń wá

Púpọ̀ nínú edé tí à ń rí ní ọjà Àjàṣẹ́ àti ti Kútọnu ń ti inú adágún Nokoué àti ọ̀sà Porto-Novo wá. Òmíràn ń ti adágún Ahémé wá, tàbí láti inú òkun gan-an.

Edé ọ̀sà ní ìrìn-àjò tirẹ̀. Inú òkun ni ìyá edé ń yé ẹyin sí. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré gan-an, ìṣàn omi á gbé wọn gba ojú ọ̀nà omi Kútọnu wọ inú adágún. Ní ọdún 1885 ni wọ́n la ọ̀nà omi náà láàárín adágún Nokoué àti òkun. Inú adágún àti ọ̀sà yìí, níbi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti pàdé, ni ọmọ edé ti ń jẹ, tí ó sì ń dàgbà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á tún gba ọ̀nà òkun padà, kí òun náà lè lọ yé ẹyin tirẹ̀. Ojú ọ̀nà yìí ni àwọn apẹja ti ń dúró dè é.

Ìdí nìyí tí edé kì í fi í pọ̀ bákan náà yípo ọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọ inú adágún, omi ibẹ̀ á ní iyọ̀, edé á sì máa gbé ibẹ̀. Nígbà tí odò Ouémé bá kún, omi láti òkè á ti iyọ̀ náà padà sí òkun, edé á sì dín kù. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní yà á lẹ́nu pé owó edé ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ jìnnà sí ọ̀sà. Edé gbígbẹ ni wọ́n sábà máa ń rí, tàbí edé dídì tí ó ti inú ẹ̀rọ yìnyín wá. Edé gbígbẹ dára fún ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé sun. Edé dídì ṣeé sun dáadáa, bí a bá yọ́ ọ bí ó ti tọ́.

Imú ni a kọ́kọ́ fi ń ra edé

Bí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ń ta edé, á kí i pé: «Ẹ kú ọjà o, ìyá mi.» Ìyá á dáhùn pé: «Káàbọ̀, ọmọ mi. Edé òní ni o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni.» Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n edé fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe àfojúdi láti sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: «Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbóòórùn rẹ̀.» Ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ tútù kì í bínú sí èyí.

Imú ni a kọ́kọ́ ń lò. Edé tútù ń rùn bí omi òkun, òórùn rẹ̀ kò sì le. Bí ó bá ń ta sí imú bí ìtọ̀, kí a fi í sílẹ̀. Kò sí iye tí ó dínwó tó tí ó lè sọ irú edé bẹ́ẹ̀ di dáadáa.

Lẹ́yìn imú, ojú ni ó kàn. Èèpo edé tútù ń dán, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹran ara rẹ̀. Orí rẹ̀ kò fẹ́ já. Ojú rẹ̀ dúdú, ó sì yọ síta. Bí àmì dúdú bá ti pọ̀ ní orí rẹ̀ àti ní oríkèé ara rẹ̀, ó fi hàn pé ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò nínú omi. Bí a bá sì pè é ní tútù, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n, iná tàbí oòrùn ti bà á.

Ọwọ́ ni ó kẹ́yìn. Kí a fi ìka tẹ ẹran edé. Bí ó bá le díẹ̀, tí ibi tí a tẹ̀ sì padà sípò, ó dára. Bí ó bá rọ̀ bí ògì, tàbí tí ó ń yọ̀ bí ilá lọ́wọ́, kò dára.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìdáná nìkan. Edé Benin jẹ́ ọjà tí a ti ń tà fún ilẹ̀ Yúróòpù rí. Ní ọdún 2003, orílẹ̀-èdè Benin fúnra rẹ̀ dá títà náà dúró, nítorí pé ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú edé láti etí omi dé ilé-iṣẹ́ kò tíì bá òfin ìmọ́tótó ilẹ̀ Yúróòpù mu. Omi mímọ́, yìnyín, àpótí tí kò dọ̀tí: lára ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé nìyẹn. Bí àwọn tí ń ra edé láti òkè òkun bá lè béèrè nǹkan wọ̀nyí, ìyá tí ń ra edé fún ọmọ tirẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè wọn pẹ̀lú.

Wákàtí méjì péré

Ooru ni ọ̀tá edé. Kò yẹ kí edé tútù lò ju wákàtí méjì lọ níbi tí kò ti sí yìnyín tàbí ẹ̀rọ amóhuntutù. Nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, tí ooru ti ju 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, wákàtí kan ni. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ra edé ní ọ̀sán, tí ó gbé e sí abẹ́ tábìlì títí di alẹ́, ti ra àìsàn pa mọ́.

Kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Kí ó ra edé kẹ́yìn, nígbà tí ó bá ń lọ sílé. Kí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ní yìnyín lábẹ́ ọjà rẹ̀. Kí ó mú abọ́ tí ó ní ìdérí lọ, kí ó sì ra yìnyín díẹ̀ sí i. Bí ó bá dé ilé tí kò ní sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó gbé e sínú ẹ̀rọ amóhuntutù, kí ó má sì jẹ́ kí ó ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ níbẹ̀.

Ní ti edé dídì, kí a má ṣe gbé e sínú oòrùn láti yọ́. Kí a dì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú omi tútù. Ààbọ̀ kílò á yọ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí ó bá ti yọ́ tán, kí a sè é lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe dá a padà sínú yìnyín.

Àwọn kan gbà pé ọsàn wẹ́wẹ́, ata púpọ̀ àti iná líle lè tún edé tí ó ti ń bàjẹ́ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ata àti ọsàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni. Iná ń pa kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n májèlé tí àwọn kòkòrò kan ti tú sínú oúnjẹ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí a óò pèsè

Fún ìdílé ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún:

– edé tútù ńláńlá, kílò 1, pẹ̀lú orí àti èèpo rẹ̀;
– òróró ẹ̀pà, ṣíbí ìjẹun 2;
– ọsàn wẹ́wẹ́ 2;
– ọmọ aáyù 3;
– atalẹ̀ tí ó tó orí àtàǹpàkò;
– ata gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí kékeré 1;
– iyọ̀, ṣíbí kékeré 1.

Fún ata mọyó: tòmátì 3, àlùbọ́sà 1, ata tútù 1 tàbí 2, àti iyọ̀ díẹ̀.

Bí a bá yọ orí àti èèpo kúrò, kílò 1 edé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ààbọ̀ kílò ẹran lọ. Kí a rántí èyí nígbà tí a bá ń náwó.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kọ lè da àkójọ yìí kọ sínú ìwé rẹ̀. Kí ó kọ iye tí ó ra ohun kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó sì pín in sí iye ẹni tí ó jẹun. Kí ó wá fi í wé owó tí ilé náà ń ná lórí oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Ìṣirò yìí ni yóò sọ fún un bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni agbára rẹ̀ ká edé, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Iná ni a kọ́kọ́ ń dá

Bí a bá ti wọlé, kí a dá iná èédú kí a tó fọwọ́ kan edé. Ṣùkù àgbàdo gbígbẹ tàbí igi wẹ́wẹ́ ni kí a fi ràn án. Kí a má ṣe da epo ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní kpayo sí i láé. Iná rẹ̀ ń fò mọ́ni ni, òórùn rẹ̀ a sì máa wọ inú oúnjẹ.

Ìta gbangba ni ibi tí iná èédú gbọ́dọ̀ wà. Èédú tí ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbóòórùn rẹ̀. Nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, ó lè pa ẹni tí ó sùn. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kí a gbé ààrò sí. A kò gbọdọ̀ gbé e wọ yàrá.

Iná tí ń jó fòò kọ́ ni a fi ń sun edé, bí kò ṣe ẹ̀yín iná tí eérú funfun ti bò. Láti mọ̀ bóyá ó tó, kí a na àtẹ́lẹwọ́ sí òkè rẹ̀, ní ìwọ̀n ìka méjìlá. Bí a bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, tí ooru sì mú kí a fa ọwọ́ padà, ó tó. Èyí lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 láti ìgbà tí a dá iná. Láàárín ìgbà náà ni iṣẹ́ yòókù ń lọ.

Iṣẹ́ tí ń lọ nígbà tí iná ń ràn

Èkíní, kí a fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Kí a ṣan edé pẹ̀lú omi mímọ́. Kí a yọ orí rẹ̀, kí a sì kó orí náà sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Ó ṣì ní iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Èkejì, kí a fi àlùmọ́gàjí la ẹ̀yìn edé láti ọrùn dé itòsí ìrù. Okùn dúdú kan wà níbẹ̀: ìfun edé ni, iyanrìn a sì máa wà nínú rẹ̀. Kí a fà á jáde. Kí a má ṣe bó èèpo. Èèpo ni ó ń dáàbò bo ẹran edé lọ́wọ́ iná, tí kì í jẹ́ kí ó gbẹ.

Ẹ̀kẹta, kí a fi aṣọ mímọ́ nu edé gbẹ. Edé tí omi wà lára rẹ̀ kì í sun; bíbọ̀ ni ó máa ń bọ̀ lórí irin.

Ẹ̀kẹrin, kí a gún aáyù, atalẹ̀, ata àti iyọ̀ pọ̀. Kí a da òróró sí i, kí a sì fún omi ààbọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i. Kí a fi pa edé lára, kí ó wọ ibi tí a là. Ìṣẹ́jú 10 tó fún un. Kí ó má ju 20 lọ. Bí ó bá pẹ́ jù, ìkan ọsàn á mú kí ẹran edé le. Ó tilẹ̀ lè funfun bí ẹni pé ó ti jinná, ṣùgbọ́n kò tíì jinná.

Nígbà tí edé ń mu ata, kí a gé tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù wẹ́wẹ́. Kí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí a sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i. Ata mọyó nìyẹn. Kò nílò iná rárá.

Kì í ṣe ìyá nìkan ni ó yẹ kí ó ṣe gbogbo èyí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bàbá lè dá iná, kí ó sì dúró tì í. Ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ lè gé tòmátì. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó ń mú kí ìṣẹ́jú 40 tó. Ọwọ́ kan yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́tà C àti lẹ́tà O

Kí a fi òróró díẹ̀ pa irin tí a fẹ́ sun edé lé, kí edé má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Kí a tò ó síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìkan má gun èkejì. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò, gẹ́gẹ́ bí edé ti tóbi tó. Láàárín ìgbà yìí, kí ẹni tí ń sun ún má lọ sí ibòmíràn, kí ó má sì gbé tẹlifóònù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni a fi ń ṣọ́ edé.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti jinná? Àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Edé tútù dúdú díẹ̀, bí ọ̀wàrà eérú. Bí iná bá kàn án, á pọ́n. Àwọ̀ pupa náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èròjà mìíràn ni ó bò ó mọ́lẹ̀, iná sì ni ó tú u sílẹ̀. Ẹran inú rẹ̀, tí ojú ń rí gbà kọjá tẹ́lẹ̀, á funfun.

Àmì kan tún wà tí ó yẹ ẹni tí ń kọ́ ìwé. Edé tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja. Bí ó bá ń jinná, á máa ká. Nígbà tí ó bá ká bí lẹ́tà C, ó ti tó. Kí a gbé e kúrò. Bí ó bá ká títí tí orí fi kan ìrù bí lẹ́tà O, ó ti pẹ́ jù, yóò sì le lẹ́nu bí rọ́bà.

Àwo mímọ́ ni kí a kó edé tí ó jinná sí. Àwo tí edé tútù ti wà kò gbọdọ̀ gbà á padà, àfi bí a bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Kí ata mọyó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ tí àwọn aládùúgbò wa ń pè ní àkàsà, tàbí gàrí, tàbí iṣu sísè. Kí olúkúlùkù bó èèpo edé tirẹ̀. Kí a bá àwọn ọmọ kékeré bó o, kí a sì gé e wẹ́wẹ́ fún wọn.

Ẹ̀yín iná kì í tètè kú. Kí a gbé ìkòkò omi kékeré lé e, kí a da orí edé àti àlùbọ́sà díẹ̀ sí i, kí ó hó fún ìṣẹ́jú 20. Kí a sẹ́ ẹ. Bí ó bá ti ń tutù, kí a gbé e sínú ẹ̀rọ amóhuntutù. Omi dídùn yìí ni a óò fi se ọbẹ̀ ọ̀la.

Ẹni tí edé kò bá lára mu

Ara àwọn kan kì í gba edé. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ara á máa yún wọn, ètè tàbí ojú á wú, tàbí kí wọ́n máa bì. Bí ọ̀fun bá ń dí, tí èémí sì ń nira, kí a gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí a má dúró de àárọ̀. Ẹni tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí kò gbọdọ̀ tún jẹ edé, bó ti wù kí ó kéré mọ. Kí a sì rántí pé edé gbígbẹ inú ọbẹ̀ náà edé ni.

Edé tí kò tíì padà sí òkun

Ohun kan kù tí owó oníbàárà ní agbára lé lórí. Ní ọjà, a máa ń rí edé tí kò ju èékánná lọ. Ọmọ edé ni, kò tíì rìn dé òkun láti lọ yé ẹyin. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há jù ni ó kó o. Ọ̀kan nínú irú àwọn àwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní medokpokonou ní adágún Nokoué, tí òfin sì kà léèwọ̀. Apẹja tí ń lò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní ọmọ tí yóò jẹun. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń ra ohun tí àwọ̀n náà kó, kò ní fi í sílẹ̀.

Edé kéékèèké kò sì wúlò fún sísun. Á jóná kí a tó yí i padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yan edé ńlá fún oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ti ṣe ara rẹ̀ lóore, ó sì ti fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ fún ọdún tí ń bọ̀.

Ní ilé ìyá tí ó ti ọjà Ouando dé, aago mẹ́jọ kò tíì lù. Iná ti rọ̀. Àwo wà láàárín ilé, èèpo pupa sì ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ á fọ ọwọ́, wọ́n á sì lọ sùn. Ìyá á mú ìwé rẹ̀, á kọ iye tí ó ná lónìí, kí ó tó pa iná.